Ọdún Tí Àwọn Lẹ́tà Bàbá Di Àpótí

Ohùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ronú padà sí ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ni ohùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá. Kì í ṣe ohùn tó dùn. Á kọ́kọ́ kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, á gbé ìwé kan mì, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ara rẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde pẹ̀lú òórùn yíǹkì. Ohùn kejì ni ti àwọn ọmọ kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí wọ́n máa ń ka súrà kan náà pọ̀, tí ohùn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa sá pamọ́ sábẹ́ ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohùn kẹta ni ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Ṣíkírù, aládùúgbò wa, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí iná bá dé. Bí gbogbo wọn bá ń dún pọ̀, èmi ọmọ kékeré mọ̀ pé iná wà, Bàbá wà nílé, kò sí ohun tó ń ṣe wá. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀rọ Bàbá dákẹ́. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣì máa ń bá mi nígbà míràn bí mo bá jí ní àárọ̀, àyà mi á sì já kí n tó rántí pé Ọlọ́run ti mú wa kọjá níbẹ̀.

Inú yàrá iwájú ilé ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó ń tẹ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kì í fi ṣeré rárá ni ìwé àwọn ọmọ kéwú. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló máa ń kọ wàláà fún ilé-kéwú náà nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ ẹsẹ Àlùkùránì sí kí ọmọ lè kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá àgbà yẹn ni gbogbo ọmọ àdúgbò fi mọ lẹ́tà: lẹ́tà tó sanra nísàlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ gùn bí ti ọ̀bọ. Nígbà tí Bàbá ra kọ̀ǹpútà, ó wá lẹ́tà tó jọ ọwọ́ yẹn títí, kò rí i, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlọrin bá a ṣe é. Fọ́ǹtì ni wọ́n ń pe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, aṣọ tí kọ̀ǹpútà máa ń wọ̀ fún ọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí wọ́n bá gbé Àlùkùránì tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun síwájú wa, ńṣe la máa ń wò ó bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́jà. Ó dà bí ẹni tí a mọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ láti kí i.

Bàbá ní ìwà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Kì í fẹ́ kí nǹkan jẹ́ méjì. Búútà kan ṣoṣo ló wà fún àlùwàlá nílé wa, bó bá wà lẹ́yìnkùlé, tí Bàbá sì fẹ́ ṣe àlùwàlá ní iwájú, èmi ni yóò rán kí n lọ gbé e wá. Màmá ní kí wọ́n ra ìkejì. Bàbá ní, "Ìfiṣòfò ni. Èyí tó wà yìí, ṣé ó ń jò ni?" Bẹ́ẹ̀ náà ni àáké, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Bí ó bá ti tẹ nǹkan síbì kan nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, ńṣe ni yóò gbé e láti ibi tó wà lọ sí ibi tó fẹ́ kó wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá Múfù, ìyàwó náà ńkọ́?" Á ní, "Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀." Màmá á sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Múfútáù, tí gbogbo ilé ń pè ní Múfù, ló ń bá Bàbá ṣiṣẹ́. Ó ti parí ilé-ìwé girama nígbà náà, ó ń dúró de ìdánwò yunifásítì. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà náà, àwòrán méjì ló máa ń jáde lójú rẹ̀, òdòdó fún Bàbá, bọ́ọ̀lù fún Bọ̀dá Múfù. Bàbá ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ọjọ́ kan tí mo béèrè. Ó ní ẹ̀rọ kan náà ni, ṣùgbọ́n yàrá méjì ló wà nínú rẹ̀ àti pálọ̀ kan. Yàrá kálukú, kálukú ló ni ín. Ohun tó wà ní pálọ̀, gbogbo ilé ló ni ín. Fódà kan sì wà nínú yàrá tirẹ̀ tó tì pa, nítorí Bọ̀dá Múfù ti ṣèèṣì pa iṣẹ́ rẹ̀ kan rẹ́ rí níbi tó ti ń gba géèmù sí orí ẹ̀rọ náà. Inú fódà títì yẹn ni àwọn lẹ́tà bàbá àgbà ń gbé. Bàbá nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ Lárúbáwá, Bọ̀dá Múfù ń ṣe èyí tó kù, kò sì sí ẹni tó nílò láti wọ yàrá ẹnìkejì.

Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run Bàbá. A kọ́kọ́ pè é ní ọgbẹ́ inú, a sì ń fún un ní ògì tí kò ní ṣúgà. Nígbà tó yá, ó ń di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú kó tó lè dìde lórí àga, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí epo. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ là á, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà. Ọ̀rọ̀ náà, "là á," ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, ohun tí mo sì rí lọ́kàn mi ni bí Màmá ṣe ń la ẹja. N kò lè jẹ ẹja fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó sì ṣe jẹ́ pé oṣù yẹn gan-an ni wòlímọ́tù wa bọ́ sí, ọjọ́ tí àwọn ọmọ tó parí kíka Àlùkùránì yóò kà á lójú gbogbo ènìyàn. Mo wà lára wọn. Bàbá ló ń tẹ ìwé tí a ó mú dání tí a ó fi kà á. Pẹ̀lú ìrora yẹn náà ló parí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi, ó ń mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó pe Bọ̀dá Múfù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbé ìwé náà sí pálọ̀. Mo ti gbé àwọn lẹ́tà náà sí pálọ̀ pẹ̀lú. Inú yàrá tìrẹ ni kí o ti ṣí i, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o gbé e fún Ààfáà." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà kékeré kan tí n kò gbọ́, ó wọ mọ́tò. Kí Màmá tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó yọ orí jáde sí wa. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dàrú kí wọ́n tó ṣe é. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ nílé yìí, ẹ fi pamọ́ fún un. Ṣé ẹ gbọ́?" A ní a gbọ́.

Nígbà tí iná dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Múfù tẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ṣí ìwé wòlímọ́tù. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, nítorí pé mo dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa àga ni. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Àpótí kéékèèké ló kún ojú ìwé náà, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ìlà lábẹ́ ìlà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń to sàréè ní ìlà, yóò mọ ohun tí mo rí. Mo wò wọ́n. Mo rò lọ́kàn mi pé sàréè ni wọ́n, pé ẹnì kan ń sọ nǹkan kan fún wa. N kò sọ ọ́ síta. Ọmọdé tó bá ń bẹ̀rù gan-an kì í sọ ọ́, torí ó gbà pé bí òun bá sọ ọ́, yóò ṣẹ.

Bọ̀dá Múfù pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Àpótí. Ó lọ wo pálọ̀, orúkọ àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n, wọn ò ṣí fún un. Ó wá mú lẹ́tà Lárúbáwá mìíràn tó bá ẹ̀rọ náà wá, ó wọ̀ ọ́ fún ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni àmì òkè àti ìsàlẹ̀ já bọ́ kúrò lórí wọn, àwọn kan gun ara wọn, àwọn kan di àpótí síbẹ̀. Ó tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ jáde, ó ní kí n wá ká lọ fi han Ààfáà Sànúsí, olùkọ́ wa. Ààfáà na ọwọ́ láti gbà á, ó wò ó láti òkèèrè, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Múfù, kí lèyí?"

"Ìwé wòlímọ́tù ni, Ààfáà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe wá báyìí."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo tẹ̀ báyìí? Ẹsẹ̀ ní ibi orí, orí ní ibi ẹsẹ̀? Bí ọmọ bá ka èyí, ohun tí Ọlọ́run kò sọ ni yóò kà." Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Ẹ má sọ ọ́ sí orí ààtàn o. Ẹ má sì fi di àkàrà. Ẹ wá ibi tó mọ́ lẹ́yìnkùlé yín, ẹ fi aṣọ funfun wé e, ẹ rì í mọ́lẹ̀." Ó gbójú sókè. "Bàbá yín ńkọ́?"

"Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣe é."

"Kí Ọlọ́run dá a padà. Ọjọ́ Àìkú ni wòlímọ́tù. Bí kò bá sí ìwé, mi ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí dìde síwájú àwùjọ kí wọ́n máa ṣì í kà. A ó sún un síwájú di ọdún tó ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rìn padà sílé, tí a di ìwé náà mú láàárín wa bí ẹni di ọmọ tuntun. Mo bi Bọ̀dá Múfù bóyá ká pe Bàbá. Ó ní, "Ṣé o kò gbọ́ ohun tí Màmá sọ?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Bó bá gbọ́, tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ sí i lórí tábìlì dókítà yẹn, ta ló pa á?" Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé ọmọdé ni mí. A délé. Ó mú ọkọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi ya aṣọ funfun kan tó ti gbó lára aṣọ ìkírun Bàbá, mo sì ń fi wé ìwé náà lórí àpáta tí a ti ń fọ aṣọ. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé ohun tí Ààfáà ní ká ṣe jẹ́ ìbọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ohun tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ilẹ̀ ni mo ń wò tó ń ṣí, aṣọ funfun ni mo ń dì, Bàbá sì wà ní Iléṣà.

Ibẹ̀ ni Màmá Ọ̀tan bá wa. Ìyá ìyá mi ni, Ọ̀tan-Ilé ni wọ́n ń gbé, ọmọ ìjọ ni wọ́n látìgbà èwe, Màmá ló ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá dúró tì wá. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n máa ń sọ, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu, èmi àti Bọ̀dá Múfù sì máa ń sín wọn jẹ tí wọ́n bá yíjú. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú, a kò gbọ́, wọ́n wá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé pẹ̀lú iṣu lórí. Wọ́n rí ihò. Wọ́n rí Bọ̀dá Múfù nínú rẹ̀ dé orúnkún, tí òógùn bò ó. Wọ́n rí mi tí mo ń wé aṣọ funfun pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú nílé. Iṣu já bọ́ láti orí wọn.

"Múfù, ta lẹ ń gbẹ́lẹ̀ fún?"

Ó yẹ kí Bọ̀dá Múfù dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àti àárẹ̀ ti dì í lẹ́nu, ó kàn ń wò wọ́n ni.

"Ẹ ò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi," Màmá Ọ̀tan wí. "Àna mi, ẹ ò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú ohùn aṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tí ògiri kò lè dá dúró. Orúkọ Jésù àti orúkọ Bàbá ni wọ́n ń pè pọ̀. Kí a tó gbé wọn dìde, kí a tó tú aṣọ náà fi hàn wọ́n pé ìwé ni, Ìyá Ṣíkírù ti gbọ́ láti òdìkejì ọgbà. Ìyá Ṣíkírù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n ṣáájú òun kí ènìyàn ni. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe Màmá ní Iléṣà.

Màmá ló sọ bó ṣe rí fún wa lẹ́yìn náà. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá ló jókòó sí tí fóònù dún.

"Ìyá Múfù, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run yóò dáríjì í."

"Dárí ji ta?"

"Bàbá Múfù náà ni. Mo gbọ́ ẹkún ìyá yín, wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ tán."

"Bàbá Múfù tó ń mu ògì níwájú mi yìí?"

Fóònù àtijọ́ yẹn máa ń pariwo, Bàbá sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó na ọwọ́. Màmá kò fẹ́ fún un. Bàbá ní, "Fún mi. Bí wọ́n bá ń sin mí ní Òṣogbo, ó yẹ kí n mọ ibi tí wọ́n gbé mi sí."

Nígbà tí fóònù Bọ̀dá Múfù dún, tí a sì rí i pé láti Iléṣà ni, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e. Mo rántí pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Màmá Ọ̀tan ni wọ́n ní, "Ẹ gbé e. Ohun tó bá jẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Bọ̀dá Múfù gbé e. Mo rí i tó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bí ẹni pé Bàbá wà níwájú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohùn Bàbá ló gbọ́.

"Ìwé ni, Bàbá," ó ń wí. "Ìwé la fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Ààfáà ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀ . . . Rárá, kò sí wàhálà." Ó fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀, àpótí, àmì tó já bọ́, ọ̀rọ̀ Ààfáà, wòlímọ́tù tí wọ́n fẹ́ sún síwájú. Ó ní, "Màmá ló ní ká má sọ fún yín. Ẹ dárí jì wá." Nígbà náà ló gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ní kí n lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí ìwọ máa gbọ́, kí o máa sọ fún mi."

Iná wà, Ọlọ́run ṣeun. A kó wọ yàrá iwájú, Màmá Ọ̀tan tẹ̀lé wa, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá síbi tí wọ́n ti ń bímọ.

"Sẹ́kínà," ohùn Bàbá wí ní etí mi. Ó kéré, ó sì ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Ṣé àwọn lẹ́tà náà wà ní pálọ̀?"

"Orúkọ wọn wà níbẹ̀, Bàbá. Wọn ò ṣí fún Bọ̀dá Múfù ni."

Ó mí sínú. "Àṣìṣe mi ni. Gbígbé ni mo gbé wọn, mi ò ṣe ẹ̀dà. Bí mo bá ṣe ẹ̀dà wọn sí pálọ̀ ni, ìwà pálọ̀ ni wọn ì bá ní, gbogbo ènìyàn ì bá lè lò wọ́n. Ṣùgbọ́n inú fódà títì ni mo ti gbé wọn jáde, wọ́n sì gbé àgádágodo fódà náà dání lọ. Wọ́n wà láàárín pálọ̀, títì ni wọ́n wà síbẹ̀. Ní kó wọ yàrá mi."

"Ó ní kí ẹ wọ yàrá òun."

Bọ̀dá Múfù tẹ òdòdó. Mi ò tíì rí i kó tẹ òdòdó rí. Ẹ̀rọ náà béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

"Ìlú tí mo ti fẹ́ ìyá yín," Bàbá wí. "Kó kọ ọ́ pọ̀."

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà kó tó di pé mo sọ ọ́. "Ọ̀tan-Ilé ni."

"Kí ló dé Ọ̀tan-Ilé?" Màmá Ọ̀tan béèrè.

"Òun ni Bàbá fi ṣe kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà."

"Ulé mi?" Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. Àwọn yìí náà ni wọ́n sunkún fún odidi ọ̀sẹ̀ nígbà tí Màmá ní Mùsùlùmí Òṣogbo ni òun fẹ́ fẹ́. "Ọkùnrin yẹn ń fi ulé mi wọlé lójoojúmọ́, kò sọ fún mi."

Yàrá náà ṣí. Bàbá sọ ọ́, mo ń tún un sọ, Bọ̀dá Múfù ń ṣe é. Lọ sí pálọ̀. Mú lẹ́tà àkọ́kọ́. Béèrè àwọn tó ní àyè láti lò ó. Ojú-ewé kékeré kan jáde, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orúkọ Bàbá. "Fi gbogbo ènìyàn kún un," Bàbá wí. "Kí wọ́n lè kà á. Kí wọ́n má lè pa á rẹ́ o, kíkà nìkan." Bọ̀dá Múfù fi gbogbo ènìyàn kún un. Ó ṣe èkejì. Ó ń ṣe wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ohùn Bàbá sì ń rẹlẹ̀ sí i. Mo ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ pé ó tó. Bàbá ní, "Ó ku díẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Sẹ́kínà, ó kù kan. Fódà tèmi, èyí tó wà ní títì. Ní kó ṣí i fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú. Kó má ti í mọ́."

Mo gbọ́. N kò sọ ọ́.

Bọ̀dá Múfù yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

N kò sọ ọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàbá àgbà, tí mo ti gbọ́ pé ó pín àwọn kálámù ìkọ̀wé rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí kò sí láyé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà wá kì í ṣí gbogbo nǹkan rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba ẹnu mi kọjá, tí Bọ̀dá Múfù ṣe é, Bàbá kò ní nǹkan kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Mo di fóònù náà mú, ó ń gbóná létí mi.

"Sẹ́kínà, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní padà wá ni?"

Mo gbọ́ bí nǹkan kan ṣe ń dún nínú yàrá ilé ìwòsàn náà, bí irin tó ń kan irin. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó dà bí ohùn tó máa ń lò ní ìdí iṣẹ́, ohùn tí kò ní ìrora nínú.

"Ẹ fi fódà mi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà ní títì yẹn ni kó wà. Mo ń bọ̀ wá ṣí i fúnra mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo sọ fún un. Bọ̀dá Múfù jáde kúrò nínú yàrá òdòdó, ó tẹ bọ́ọ̀lù, ó ní "Bísímílà," ó ṣí ìwé wòlímọ́tù. Àwọn lẹ́tà bàbá àgbà dìde dúró lórí ìlà wọn, wọ́n sanra nísàlẹ̀, ìrù wọn gùn, àmì kálukú wà lórí rẹ̀. Màmá Ọ̀tan tí kò mọ álífù kan nínú Lárúbáwá sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ó dára. Ó jọ ènìyàn." Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn. Ìwé àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí mo tún gbé fóònù sí etí, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Bàbá.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò rò pé ẹ̀rù tán níbẹ̀. Kò tán. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́-abẹ, ilé wa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ omi tó ń kán láti inú ẹ̀rọ omi. Bọ̀dá Múfù wà lórí ẹní ìkírun. Màmá Ọ̀tan wà lórí orúnkún wọn nínú yàrá kejì, tí wọ́n ń gbàdúrà ní ohùn jẹ́jẹ́ nítorí pé ilé Mùsùlùmí ni. Ọ̀sán pọ́n kí Màmá tó pè, gbogbo ohun tó sì lè sọ ni, "Ó ti jí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ mí." Ní ọjọ́ Àìkú, kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó dájú. Mo dìde níwájú àwùjọ pẹ̀lú ìwé náà. Mo ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn nínú ọkàn mi pé bí n kò bá kọsẹ̀ lórí ẹsẹ kankan, kó dá Bàbá padà. Mo mọ̀ lónìí pé a kì í bá Ọlọ́run nájà báyẹn, àánú Rẹ̀ kò sì rọ̀ mọ́ ahọ́n ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á nìyẹn, ojú mi kò kúrò lórí àwọn lẹ́tà náà, bí ẹni tó ń gba orí afárá tóóró kọjá. Nígbà tí mo parí, Ààfáà Sànúsí gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀.

Wọ́n gbé Bàbá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó gbẹ, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọn aládùúgbò kún ilé, Ìyá Ṣíkírù sì ń gba ẹ̀yìn wọn yọjú nítorí ojú ń tì í. Bàbá rí i, ó ní, "Ìyá Ṣíkírù, òkú yín ti dé o," gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí n fún òun ní ọwọ́. A rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí yàrá iwájú. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ òdòdó, ó sì fi ìka kan ṣoṣo kọ orúkọ ìlú Màmá Ọ̀tan. Mo dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ó lọ sí fódà náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Funfun ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ti gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí pálọ̀ ní àárọ̀ tó ń lọ, kò sì fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn ní Iléṣà, nígbà tí mo béèrè ohun tí mo béèrè, tó sì ní kí a má fọwọ́ kàn án.

Ó yí orí díẹ̀ sí mi. "Ṣé o rí i pé mo padà wá ṣí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

Ọlọ́run fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó sì wà láàyè bí mo ṣe ń kọ èyí, mo dúpẹ́. N kò bi í léèrè nípa fódà náà rí, òun náà kò sì sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, ó pa á dé, ó tún un tì, ó rí i dájú pé ó tì. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó tàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.